Bàbá fẹ́ gba ojú omi lọ kí àwọn ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, Màmá ní òun ò wọkọ̀

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń rò pé ọjọ́ téèyàn bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba ni ìgbádùn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ẹni tó bá ti sin ìjọba fún ọdún 35, tàbí tó ti pé ọmọ ọdún 60, kò sí ohun tó tún máa lé e jáde nílé láàárọ̀ kùtùkùtù mọ́. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sọ fún èèyàn ni pé ẹni tí kò ríbi sáré lọ láàárọ̀, ilẹ̀ kì í tètè ṣú fún un. Aago méje á lù, aago mẹ́jọ á lù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ á ti jáde tán, gbogbo àdúgbò á dákẹ́ rọ́rọ́, á wá ku bàbá àgbà àti rédíò ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i, kó dé Ìjàpò Ẹ́sítéètì l'Ákùúrẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè kan. Láti ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń rọ́ wá síbẹ̀. Ọmọ Oǹdó wá, ọmọ Ọ̀wọ̀ wá, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àkókó, kódà àwọn Èkìtì náà wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gba ìpínlẹ̀ tiwọn lọ́dún 1996. Ìjàpò wà lára ibi tí àwọn tó rọ́wọ́ mú nínú wọn fi ṣelé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọmọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti rán wọn níléèwé, ibẹ̀ náà làwọn ọmọ ti gbéra lọ. Èyí wà l'Ékòó, èyí wà ní Ìbàdàn, òmíì wà ní Kútọnu, òmíì wà lókè òkun lọ́hùn-ún. Ilé oníyàrá mẹ́rin wá di ilé èèyàn méjì. Yàrá àwọn ọmọ ti di ibi tí Màmá ń kó àpò ẹ̀wà àti gààrí sí.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni awuyewuye kan ti máa ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá tí ọkọ bá jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, tí ìyàwó sì jẹ́ ọmọ ìlú Oǹdó. Kẹ́nikẹ́ni má wulẹ̀ wádìí orúkọ wọn, irú wọn ò mọ níwọ̀n. Ẹ ṣáà máa pè wọ́n ní Bàbá àti Màmá. Bàbá ti mọ ìwẹ̀ kó tó mọ̀wé kà. Etí omi ni wọ́n bí i sí, ọkọ̀ ló ń wọ̀ lọ síléèwé, òun náà a sì máa fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ fún ìyá ẹ̀ lọ sọ́jà. Màmá ní tiẹ̀, orí ilẹ̀ líle ni wọ́n bí i sí. Omi tó mọ̀ ò ju ti inú kànga àti ti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n bá jẹun tán, Bàbá á la ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Màmá, mo ti rò ó. Dípò tá a ó fi máa dúró de àwọn ọmọ yìí títí di Kérésìmesì, àwa náà la máa lọ kí wọn. Ojú omi la sì máa gbà. Láti Igbókọ̀dá, ká kọ́kọ́ yà sí Ayétòrò, ká gba ibẹ̀ kọjá sí Ẹ̀pẹ́, ká wọ Èkó, ká tún gba Àgbádárìgì lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn tó wà ní Kútọnu. Ká má kánjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni o, oṣù méjì ni o, iṣẹ́ wo ló ń dúró dè wá?"

Màmá á wò ó títí. "Bàbá Àwọn Ọmọ, ṣé ara yín yá báyìí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ọmọ Oǹdó ni mí o, èmi kì í ṣe ẹja. Ẹ bá mi kí wọn tẹ́ ẹ bá débẹ̀."

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń parí ọ̀rọ̀ sí nìyẹn. Bàbá á fìbínú wọ yàrá, Màmá á palẹ̀ àwo mọ́, wọn ò ní í sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe èyí tó yẹ kí wọ́n fìbínú parí, nítorí kò sí ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ nínú àwọn méjèèjì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Bàbá ṣáájú. Ọ̀nà tí Bàbá ń sọ yìí kì í ṣe àlá, ó wà. Omi méjì ló wà ní gúúsù ilẹ̀ Yorùbá. Òkun ńlá wà níta, èyí tí ìgbì ẹ̀ ń pariwo tọ̀sán-tòru. Ọ̀sà àti àwọn odò tóóró sì wà nínú, tí ilẹ̀ oníyanrìn tín-ín-rín là wọ́n láàárín sí òkun. Omi inú yìí ló so kọ́ra láti ilẹ̀ Ìlàjẹ títí dé ìwọ̀ oòrùn lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá wọkọ̀ n'Ígbókọ̀dá lè gba ọ̀nà Máhìn àti Atijẹ́rẹ́, kó já sí ọ̀sà Lẹ́kí, kó dé Ẹ̀pẹ́, kó bọ́ sínú ọ̀sà Èkó, kó gba odò Àgbádárìgì dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, kó má sì fojú kan ìgbì òkun rárá. Àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìdí nìyẹn téèyàn fi máa dé Bàrígà l'Ékòó tó máa bá àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Ìlàjẹ níbẹ̀, tó máa dé Makoko tó máa bá Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn tí wọ́n kọ́lé sórí omi. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé àwọn bàbá wọn débẹ̀.

Ti pé Màmá sì ní ọmọ Oǹdó ò bá omi da nǹkan pọ̀, ìtàn ò gbè é. Láyé ogun ilẹ̀ Yorùbá, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú a máa ti ọ̀nà tó lọ sókè, tí ọjà Èkó ò fi ní í rí ibi gbà. Òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, John Glover, ẹni tó wà lórí àlééfà láti 1863 títí di 1872, wá ọ̀nà mìíràn gba apá ìlà oòrùn. Wọ́n á wọkọ̀ l'Ékòó, wọ́n á gba ojú ọ̀sà dé apá Atijẹ́rẹ́, wọ́n á sọ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá fẹsẹ̀ rìn gba ìlú Oǹdó lọ sí Iléṣà àti Ìbàdàn. Ọdún 1872 ni ọ̀nà náà là. Ibẹ̀ ni iyọ̀, aṣọ àti ìbọn ń gbà dé òkè. Ibẹ̀ náà làwọn ìjọ CMS gbà lọ sí Oǹdó, tí Charles Phillips, ẹni tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, fi dé ibẹ̀ lọ́dún 1877 tó sì jókòó tì wọ́n. Tí Màmá bá wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì l'Óǹdó tó ń kọrin, kó rántí pé inú ọkọ̀ ojú omi ni Bíbélì tí wọ́n kọ́kọ́ kà níbẹ̀ bá dé.

Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù lọ nínú ẹjọ́ Bàbá, òun gan-an kì í fẹ́ẹ́ sọ ọ́ síta. Ilé ń tán lọ. Oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn Ẹgbẹ́ Àpọ́sítélì Mímọ́ dá Ayétòrò sílẹ̀ létí òkun. Láyé ìgbà náà, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, èrè iṣẹ́ ẹnìkan ti gbogbo wọn ni. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n níná mànàmáná láti nǹkan bí ọdún 1953, nígbà tí àwọn ìlú ńláńlá tó wà lórí ilẹ̀ ṣì ń tan àtùpà. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ìlú yìí kan náà ni òkun ti ń jẹ lójúmọmọ láti ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ìgbì gbé ilé, ó gbé iléèwé, ó gbé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́. Láti ọdún 2004 ni NDDC ti gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe láti dá òkun dúró níbẹ̀, ọdún ń gorí ọdún, òkun ò dúró. Àdúgbò tí Bàbá ti ṣeré ní kékeré, ẹja ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ lónìí.

Nítorí náà, tí Bàbá bá ní "ká lọ", kì í ṣe afẹ́ nìkan ló ń wá. Ó fẹ́ fojú rí ohun tó kù kó tó di pé kò ní í sí nǹkan kan láti rí mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó kù lókè eèpẹ̀ ò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ibi kan wà tí àwọn ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tó bá ń fi irú rẹ̀ṣẹ̀rẹ́ ò tíì dàgbà.

Ó wá ku ẹjọ́ Màmá.

Màmá ò sọ ọ́ bí ọ̀mọ̀wé, ó kàn ní òun ò lọ. Tí wọ́n bá ní kó ṣàlàyé, nǹkan tó máa sọ pọ̀. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn èèyàn kan láti ìjọba ìbílẹ̀ Pàtígì ní Kwárà lọ sí ìyàwó ní Ìpínlẹ̀ Niger. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n jó, wọ́n wá kó sínú ọkọ̀ ojú omi lóru láti máa padà sílé. Ọkọ̀ náà dojú dé. Àwọn tó kú lé ní 100. Ìdílé kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìnáwó ẹbí ni wọ́n sì lọ, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe ń wí pé òun fẹ́ lọ kí ẹbí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 2024, gbogbo Nàìjíríà ló sunkún òṣèré tíátà nì, Junior Pope, tí orúkọ ẹ̀ gan-an ń jẹ́ John Paul Odonwodo. Iṣẹ́ fíìmù ló lọ ṣe, ọkọ̀ tó gbé òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dojú dé lójú odò Anam ní Ìpínlẹ̀ Anambra. Kò wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó ṣì lágbára ni, kò tíì sún mọ́ ọjọ́ orí Bàbá rárá.

Tẹ́nikẹ́ni bá sì ní àwọn òyìnbó tó fẹ̀yìn tì máa ń ṣe é, pé wọ́n á ra ọkọ̀, tọkọtaya á máa wà á kiri ayé, Màmá lè fi ti Paul àti Rachel Chandler dá wọn lóhùn. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, wọ́n tètè fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Lynn Rival ni wọ́n sọ di ilé. Lóṣù kẹwàá ọdún 2009, wọ́n kúrò ní erékùṣù Seychelles, wọ́n kọrí sí Tanzania. Kò ju ọjọ́ kan lọ tí àwọn ajalèlókun Sòmálíà fi já lù wọ́n lóru. Ọjọ́ 388 ni wọ́n lò nígbèkùn, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2010 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Bàbá tó bí Paul ti kú kó tó dé. Ẹbí ló lọ ń wá owó kiri. Lóòótọ́, lọ́dún 2012 wọ́n tún padà wọ inú ọkọ̀ kan náà, wọ́n tún ń lọ. Ṣùgbọ́n Màmá á ní ìyẹn ni pé orí òyìnbó le, orí tòun ò le tó bẹ́ẹ̀.

Kò sí irọ́ nínú ohun tí Màmá sọ. Ohun tó kù ni kí wọ́n wo ohun tó pa àwọn èèyàn yẹn. Ti Pàtígì, òru ni, èrò pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ lè gbé lọ, kò sì sí jákẹ́ẹ̀tì. Ti Junior Pope, kò sí jákẹ́ẹ̀tì. Ti àwọn Chandler, inú agbami òkun ni, tọkọtaya nìkan, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́ igbe wọn. Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀ tó jẹ́ ti ọ̀sán gangan, lójú omi inú tí èèyàn ń lọ tó ń bọ̀, nínú ọkọ̀ tí èrò ẹ̀ mọ níwọ̀n, tí gbogbo wọn wọ jákẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bàbá àti ti Màmá ti lè pàdé.

Àmọ́ kí Bàbá náà gbà pé omi tóun mọ̀ ní kékeré kọ́ ló máa bá. Ewé tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tó máa ń léfòó lójú omi bí ẹní, kò sí n'Nàìjíríà nígbà tí Bàbá ń tu ọkọ̀. Nǹkan bí ọdún 1984 ló gba odò Àgbádárìgì wọlé láti apá orílẹ̀-èdè Benin, ó sì ti tàn dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ó máa ń dí ọ̀nà, á lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á sì dá dúró láàárín omi. Àwọn jàǹdùkú náà wà lójú omi tí wọ́n ń dá ọkọ̀ lọ́nà, tí wọ́n ń gba ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì ń jí èèyàn gbé, èyí tí kò sí nígbà tiwọn. Apá tí Bàbá fi ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́mọ ọdún 12 kọ́ ló wà léjìká ẹ̀ báyìí. Ẹni bá ní òun ò nílò jákẹ́ẹ̀tì nítorí pé ọmọ Ìlàjẹ lòun, ó ń tan ara ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ owó wá ń bẹ níbẹ̀, òun sì ni Màmá ń bẹ̀rù jù tí kò fẹ́ẹ́ sọ lójú ọkọ ẹ̀. Ó mọ̀ pé Bàbá ti ń fọgbọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ onípákó tó lẹ́ńjìnnì. Owó àjẹmọ́nú téèyàn dúró dè fún ọdún púpọ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni ìjọba máa san án, òun ni Bàbá fẹ́ lọ sọ sómi. Níbí yìí, Màmá ló jàre pátápátá. Ọkọ̀ tí olówó ẹ̀ ń gbé Àkúrẹ́, ta ló máa bá a ṣọ́ ọ n'Ígbókọ̀dá? Pákó ń jẹrà, omi ń wọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì tí wọn ò lò fún oṣù mẹ́ta á lọ́ọ́ dákẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi jẹun gan-an ń kérora. Ẹni tó fẹ́ rìn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò níṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ tara ẹni. Kó sanwó bí èrò, tàbí kí òun àti ìyàwó ẹ̀ pẹ̀lú àwọn mọ̀lẹ́bí gba ọkọ̀ lódidi lọ́wọ́ atukọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀.

Tí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí ìyẹn, bí ìrìn-àjò ọ̀hún ṣe yẹ kó lọ rèé. Kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí omi rárá. Kí wọ́n gbéra láti Ìjàpò láàárọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ dé ìlú Oǹdó, ní agboolé àwọn Màmá. Kí Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna ẹ̀, kó sọ ibi tó ń mú ọmọ wọn lọ. Kí wọ́n sun ibẹ̀ ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìdí méjì ló wà fún un. Àkọ́kọ́, àwọn ẹbí Màmá náà jẹ́ ẹbí, ìrìn-àjò tó jẹ́ ti ẹbí Bàbá nìkan kò ní í dùn mọ́ ẹni tí wọ́n ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀kejì, tí Màmá bá gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé "ẹ máa lọ, ẹ máa bọ̀", ọkàn ẹ̀ á balẹ̀ ju kí Bàbá nìkan máa rọ̀ ọ́.

Láti Oǹdó, wọ́n á wọ mọ́tò gba Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa dé Igbókọ̀dá. Kí wọ́n má dé lọ́sàn-án kí wọ́n ní àwọn fẹ́ wọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n sùn, kí Màmá fojú rí èbúté, kó rí i bí àwọn ìyá arúgbó bíi tiẹ̀ ṣe ń wọlé wọ̀de nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù ọjà. Ohun tí Bàbá sọ fún un lójoojúmọ́ tí kò gbà gbọ́, ìyá kan tó ru ẹja á fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, láàárọ̀, kí wọ́n wọkọ̀ lọ sí Ayétòrò, kí wọ́n kí àwọn tó kù níbẹ̀. Tí ara Màmá bá gbà á, wọ́n lè máa bá a lọ. Tí kò bá gbà á, kí wọ́n padà sí Igbókọ̀dá, kí wọ́n fi mọ́tò parí ìyókù. Kì í ṣe gbogbo ibi lójú ọ̀nà yẹn náà ni ọkọ̀ èrò ń ná lójoojúmọ́. Ibi tí kò bá ti sí, orí ilẹ̀ ni kí wọ́n gbà, kí wọ́n tún wọkọ̀ níwájú, ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú. Ẹni tó ń lọ kí ọmọ ò bá ẹnikẹ́ni díje.

Òfin ojú omi ò le. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NIWA sílẹ̀ lọ́dún 1997 láti máa bójú tó omi inú, Ìpínlẹ̀ Èkó ní LASWA tiwọn láti ọdún 2008. Ohun tí àwọn méjèèjì ń pariwo ẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ẹ má rìn lóru, ẹ má kó èrò kún àkúnjù, ẹ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Kí Bàbá àti Màmá ra tiwọn dání láti ilé, èyí tó bá wọn mu, tó ṣeé dè dáadáa láyà. Èyí tí wọ́n máa ń kó sábẹ́ àga nínú ọkọ̀, nígbà míì okùn ẹ̀ ti já. Kí wọ́n fi ọ̀rá wé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fóònù àti owó lọ́nà méjì. Tí atukọ̀ bá ń mutí, tàbí tí òjò bá ṣú, kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ láì tijú ẹnikẹ́ni. Owó ọkọ̀ tó bá bọ́ lè padà wá.

Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ńkọ́? Ibẹ̀ lewu ju ojú omi lọ nígbà míì. Ọmọ tó wà ní Bàrígà lè jẹ́ yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ mẹ́ta. Tí Bàbá bá dé tó ní òun máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ á di wàhálà láàárín tọkọtaya. Ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún tó. Kí Màmá má ṣí ìkòkò ìyàwó ọmọ wò, kí Bàbá má béèrè iye tí wọ́n ń gbà lóṣù. Kí wọ́n gbé ẹja gbígbẹ láti Igbókọ̀dá dání, kó pọ̀ tó èyí tí ìyàwó ọmọ máa fún ará ilé jẹ, inú ẹ̀ á dùn láti ní kí wọ́n tún padà wá. Kí Bàbá jókòó ti àwọn ọmọ-ọmọ lálẹ́, kó sọ fún wọn bí Ayétòrò ṣe rí kí òkun tó wọ̀ ọ́. Ìyẹn gan-an lẹrù tó gbé wá.

Ẹni tó bá máa dé Kútọnu, kó má gba ẹ̀yìnkùlé omi kọjá sí ilẹ̀ ẹlòmíì. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gbà fún ọmọ Nàìjíríà láti lo ọjọ́ 90 níbẹ̀ láì gba físà, ṣùgbọ́n ó ní láti gba ẹnu ibodè tí ìjọba mọ̀ wọlé, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Tí wọ́n bá dé Àgbádárìgì, kí wọ́n sọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gba Sẹ̀mẹ̀. Kò yẹ kí àgbàlagbà tó sin ìjọba fún ọdún 35 wá máa sá fún aṣọ́bodè nínú koríko.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó àti Ìbàdàn tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí nínú mọ́tò. Odò tó bá gbàgbé orísun ẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Tí Bàbá yín bá pè lórí fóònù lọ́jọ́ kan, tó ní òun àti Màmá ń gba ojú omi bọ̀, ẹ má pariwo lé e lórí pé ọjọ́ ogbó ti ń ṣe é. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀: Aago mélòó ni ọkọ̀ máa gbéra? Ṣé jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn ẹ̀yin méjèèjì? Èbúté wo ni kí n ti wá pàdé yín? Ẹ̀kẹrin, ẹ ní kó gbé fóònù fún Màmá, kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́ bóyá òun náà fẹ́ lọ lóòótọ́. Tí ohùn Màmá ò bá dán mọ́rán, ẹ ní kí wọ́n wọ mọ́tò. Èyí tó tún dáa ju gbogbo ẹ̀ lọ ni kí ọ̀kan nínú yín gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́, kó lọ bá wọn n'Ígbókọ̀dá, kó jókòó sáàárín wọn nínú ọkọ̀. Òkun ò ní í dúró de ìsinmi ọdún tó ń bọ̀ kó tó gbé ohun tó kù l'Áyétòrò lọ.